Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Bá Búlọ́gà Sọ Kí Ẹ Tó Gbé Iṣẹ́ Fún Un

Inverter àti sólà là ń tà níbi iṣẹ́ wa n'Ìbàdàn. Èmi ni wọ́n máa ń ní kó lọ wá ẹni tí yóò kọ búlọ́ọ̀gì iléeṣẹ́, ìyẹn búlọ́gà, èmi náà ni wọ́n sì máa ń pè tí ìjà bá dé. Mo ti wá rí i pé àwọn tá à ń bá jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀wé kọ dáadáa. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀gá á ní, "Ẹ ṣáà kọ nǹkan tó máa jẹ́ kí ọjà tà." Ta ni yóò kà á? Ṣé ìyá tó ń ta ẹja dídì ní Bódìjà ni, àbí dókítà tí owó dísẹ́ẹ̀lì ti sú? Ohun tí àwọn méjèèjì fẹ́ mọ̀ yàtọ̀. Èmi máa ń kó ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi wá jọ, màá gbé e fún búlọ́gà kó tó kọ lẹ́tà kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní tiwa ni, "Ṣé á gbé AC?"

Lórí AC yìí gan-an ni ojú wa ti rí nǹkan. Búlọ́gà kan kọ ọ́ pé inverter 1kVA (kVA la fi ń wọn agbára inverter) á gbé AC láti alẹ́ dòwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún kà, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. AC 1hp tó wọ́pọ̀ nílé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo agbára 1kVA tán fúnra rẹ̀, nígbà tí kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ rẹ̀ bá sì fẹ́ gbéra, iná tó ń fà tún máa ń ju ìyẹn lọ fíìfíì. Oníbàárà gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, ẹ wò ó." Kí lẹ fẹ́ fèsì?

Nísinsìnyí, ó wà nínú àdéhùn pé ẹnjiníà wa gbọ́dọ̀ ka gbogbo àpilẹ̀kọ kó tó jáde. Ó tún wà níbẹ̀ pé ẹnjiníà náà gbọ́dọ̀ ráyè dáhùn ìbéèrè búlọ́gà lóṣooṣù. Iléeṣẹ́ ló sábà máa ń gbàgbé apá kejì yìí. Tí ẹ ò bá ráyè bá a sọ̀rọ̀, ìkànnì àwọn ará Amẹ́ríkà ló máa lọ ṣà kọ, ibi tí NEPA ò ti yọ wọ́n lẹ́nu. Kí ló kan àwọn yẹn pẹ̀lú bátìrì tubular, irú èyí tó yẹ kéèyàn máa bu omi sí, tí ẹnikẹ́ni ò bu omi sí?

Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ pé "ó dáa, ẹ gbé e jáde." Mo ti rí ibi tí ọ̀gá ti fẹ́ kó gùn, tí ẹni tó ń bójú tó ọjà títà fẹ́ kó kúrú, tí ìyàwó ọ̀gá sì ní àkọlé rẹ̀ ò wu òun. Lọ́dọ̀ wa, àtúnṣe méjì ló wà nínú owó iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀kẹta yóò sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ta ni yóò máa tún èyí tó ti jáde ṣe? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, lọ sí ₦225 lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, wọ́n ti já a sí ₦206.80. Gbogbo ìṣirò tí búlọ́gà wa fi ìnáwó NEPA wé ti sólà di àtijọ́ láàárín oṣù kan. Tí kò bá sí nínú àdéhùn, kò sí ẹni tí yóò padà síbẹ̀.

Lórí pé ta ló ni iṣẹ́ náà, ẹ má fi ẹnu lásán bá ara yín sọ ọ́. Lábẹ́ òfin Copyright Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹni tí ẹ bẹ̀ níṣẹ́, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín, ló ni ohun tó kọ, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ pé tiyín ni. Owó tí ẹ san nìkan ò yí ìyẹn padà. Kí orúkọ ìkànnì àti páṣíwọ́ọ̀dù náà sì wà lórí íméèlì iléeṣẹ́.

Ẹ tún bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀. Àwọn Google fúnra wọn ti sọ ọ́ pé ó sábà máa ń gba oṣù mẹ́rin sí ọdún kan kí iṣẹ́ tó ń mú kí àwọn èèyàn rí ìkànnì yín lórí Google tó so èso. Ọ̀gá tó bá ń bi búlọ́gà ní ọ̀sẹ̀ kejì pé inverter mélòó ló ti tà, ẹ ṣàlàyé fún un kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni.

Ní ti owó, ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn, kò le.

Kí n tó gba ẹnì kan pátápátá, mo máa ń fún un ní àpilẹ̀kọ kan dán wò, màá sì sanwó rẹ̀, bó dáa bí ò dáa. Kókó ọ̀rọ̀ nìkan ni mo máa ń sọ fún un. Èyí tó bá pè mí padà láti bi mí pé ta ló máa kà á, mo ti ń gbọ́ tiẹ̀ nìyẹn. Èyí tí kò bi mí ní nǹkan kan, tó kàn fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màá sanwó fún un, a ó sì dágbére.