Apo gbọn àpò mi: ọ̀rọ̀ písítìn Hilux mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi ba ẹ́ńjìnì yẹn jẹ́. Hilux dísẹ́lì ni, 3.0, túbò ti wà lára ẹ̀ látilẹ̀, kò sì yọ mí lẹ́nu rárá, àmọ́ ojú mi ò kúrò lára bóọ̀sìtì (agbára afẹ́fẹ́ tí túbò ń tì sínú ẹ́ńjìnì), ni mo bá lọ ra tuning box kékeré kan, èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ wáyà kó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ìyẹn lè máa da dísẹ́lì sí i. Ah, ọkọ̀ fò o! Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń jayé lójú ọ̀nà Kàdúná, tòun ti ẹrù lẹ́yìn.

Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, oòrùn mú gan-an, a ò tíì dé Jere tí mo gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, kí n tó wẹ̀yìn èéfín ti bo gbogbo ibẹ̀. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, èéfín ń tú jáde fùù. Tí èéfín iná bá ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìn sá wá síbi ọ́ìlì báyìí, àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ pé ẹ́ńjìnì "ń mí". Tèmi kọjá mímí, ńṣe ló ń mí hẹlẹ.

A wọ́ ọ dé Apo, ọgbà àwọn mẹkáníìkì l'Ábújá. Nígbà tí bàbá tó ń bá mi ṣe é tú u, písítìn kẹta (irin tó ń lọ sókè sódò nínú síléńdà) ti sán létí kòtò tó wà lórí ẹ̀, bíi ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Inú kòtò yẹn ni nọ́súlù máa ń fọ́n dísẹ́lì sí, etí ẹ̀ ló sì máa ń jìyà ooru jù. Alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn ni písítìn, alumíníọ̀mù lásán ń yọ́ ní nǹkan bíi 660 °C, ti písítìn ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí dísẹ́lì bá ti pọ̀ jù, èéfín tó ń jáde lọ bá túbò lè kọjá 700. Ọ́ìlì tí wọ́n ń fọ́n sí i lábẹ́ ló ń gbà á sílẹ̀, àmọ́ ìyẹn náà níbi tó mọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò sùn, forged piston (èyí tí wọ́n fi agbára tẹ̀ jáde, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ́ dà) ni mo ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 2618 ṣe lágbára gan-an, àmọ́ ó máa ń wú tó bá gbóná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àyè sílẹ̀ fún un, tí á wá máa kan ara síléńdà kọ̀kọ̀ láàárọ̀ tí kò tíì gbóná. 4032 ní sílíkọ́nì tó tó ìdá 12 nínú 100, kì í wú tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ti ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo rí, èyí tó bá tèmi mu, dọ́là ni, tòun ti owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó ọwọ́ mi ò sì tó mílíọ̀nù kan.

Mo sọ ọ́ fún bàbá, ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé irin ni ìṣòro ẹ ni, àbí iná? Wúrà lo ìbáà gbé síbẹ̀, tí nọ́súlù bá ń tọ̀ sí i lórí, á yọ́." A gbé nọ́súlù lọ dán wò lóòótọ́, ti síléńdà kẹta ń tọ̀ ni, kò fọ́n mọ́. Ibẹ̀ ni owó mi kọ́kọ́ lọ.

Ojú síléńdà ti ha, eruku ọyẹ́ gba rọ́bà ẹ́yà fítà tó ya wọlé (ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa wo rọ́bà yẹn), torí náà a ní láti gbẹ́ ẹ láti 96 mm sí 96.5. Ẹ ra písítìn ná kẹ́ ẹ tó gbé bulọ́ọ̀kù lọ fún ẹni tó ń gbẹ́ ẹ, kó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó sì gbẹ́ ihò bá a mu. Sẹ́ẹ̀tì tí mo kọ́kọ́ rà, òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn fúláwà kéèkì ni mo fi wọ̀n ọ́n, ọ̀kan fi gíráàmù mẹ́sàn-án wúwo ju ìkejì ẹ̀ lọ, mo dá a padà, ọlọ́jà fi Haúsá bú mi, mo ní kò burú.

Ríǹgì, òrùka tó yí písítìn ká, ló gba àkókò jù. Ẹ máa ti ríǹgì bọ inú síléńdà, ẹ fi orí písítìn tì í kó gún régé, kẹ́ ẹ wá ti fíílà gèèjì (irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) bọ àlàfo ẹnu ẹ̀ méjèèjì. Bóọ̀sìtì ń mú ríǹgì gbóná, á sì wú, tí ẹnu ẹ̀ méjèèjì bá kanra, kò ní sí àyè mọ́, á ha síléńdà tàbí kó fọ́ etí písítìn. Mo ní kí wọ́n fi tèmi sí apá tó fẹ̀ nínú ìwọ̀n tí wọ́n kọ síwèé, ọmọ iṣẹ́ fi fáìlì ha á díẹ̀díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo ra àwàrà àti kúnú fún wọn, ẹnikẹ́ni ò kánjú.

Bíárìnì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, wáṣà kọ́pà abẹ́ nọ́súlù, gbogbo ẹ̀ di tuntun. Èyí tó kù nínú owó ni mo fi ra gèèjì tó ń wọn ooru èéfín kó tó dé túbò, ká ní mo ti rà á ṣáájú tuning box ni, mi ò bá má mọ ọ̀nà Apo.

Ọkọ̀ ti ń lọ báyìí, kò fò mọ́, mo sì ń wo gèèjì ju ojú ọ̀nà lọ. Tuning box yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìyàwó mi ní kí n tà á. Ta ni mo fẹ́ tà á fún tí kò ní ṣépè fún mi?