Àkókó tó ń gbẹ́ ilé sínú igi tútù

Ẹyẹ kan wà tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn láti ìjẹta. Àkókó ni, àmọ́ irú èyí tó jẹ́ pé inú igbó igi páìnì ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà nìkan ló ń gbé, red-cockaded woodpecker ni wọ́n ń pè é. Kékeré báyìí ni, gígùn ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 23 lọ.

Ọ̀pọ̀ àkókó, igi tó ti kú ni wọ́n máa ń wá torí ó rọ̀ láti gbẹ́. Eléyìí ò ṣe bẹ́ẹ̀ o, igi tútù, igi tó ṣì ń hu ewé, ló ń fi ẹnu gbẹ́, ó lè lo ọdún kan sí mẹ́ta lórí ihò kan ṣoṣo, ìgbà míì ó tún lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀! Igi tó ti dàgbà gan-an ló máa ń wá, torí fọ́ngọ́ọ̀sì kan, ìyẹn ohun bí olú tó ń mú igi jẹrà, ti sábà máa ń jẹ ọkàn irú igi bẹ́ẹ̀, ó ti rọ̀ nínú.

Àmọ́ kí ló dé tó fi ń fìyà jẹ ara ẹ̀? Oje igi ni. Ojoojúmọ́ ló ń ṣá èèpo igi yí ẹnu ihò náà ká kí oje lè máa ṣàn, oje yẹn á wá gbẹ sára igi, á funfun bí àbẹ́là tó yọ́. Ejò tó bá ń gùn bọ̀ wá jẹ ẹyin, oje á lẹ̀ mọ́ ọn níkùn, kò ní lè gùn mọ́. Ẹ wo ọgbọ́n!

Kálukú ló ní ihò tó ń sùn sí, inú ti akọ sì ni ìyàwó ẹ̀ ń yé ẹyin sí, mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, akọ ló ń sàba lé e lálẹ́, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n ti pa. Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ti bí tẹ́lẹ̀ kì í tètè kúrò nílé, àwọn náà á máa wá kòkòrò fún àbúrò wọn, torí níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ihò míì?

Lọ́dún 1989, ìjì Hugo wó ọ̀pọ̀ jù lọ igi tí wọ́n ń gbé ní igbó Francis Marion, ní South Carolina. Àwọn èèyàn bá kan àpótí onígi, wọ́n fi ẹ̀rọ gé ara páìnì tó ṣẹ́kù, wọ́n ki àpótí bọ̀ ọ́, àwọn ẹyẹ yẹn sì wọlé síbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń sùn, wọ́n ń bímọ.