"Take": kí ni wọ́n mú, kí ni wọ́n gbé, kí ni wọ́n kó?

Ilé-Ifẹ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ òní lọ́wọ́ èmi àti àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Ìrẹmọ níbí, àwọn tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ìdánwò WAEC. Ọ̀rọ̀ náà ni "take". Mo kọ àwọn gbólóhùn kan sójú pátákó, mo sì ní kí wọ́n sọ wọ́n ní Yorùbá. Ọmọbìnrin kan wò wọ́n títí, ó rí i pé kò sí méjì nínú wọn tí ó gba ìtumọ̀ kan náà, ó wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo gan-an ni Yorùbá rẹ̀?" Èyí tí ó jókòó tì í dáhùn pé "mú" ni. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó, ohun tí ó sì kù nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lálẹ́ yìí.

Ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Odò-Ogbè fún ìgbà díẹ̀ yóò gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ì bá fi "take" nìkan sọ. Bí oníbàárà bá ń yẹ ẹyọ ọsàn kan wò ní àwòtúnwò, ìyá ọlọ́jà á ní, "Ẹ mú un." Bí ó bá sanwó gbogbo ọsàn orí àtẹ, á ní, "Ẹ kó wọn." Bí ó bá jẹ́ àpò gàrí ni ó rà, gbígbé ni yóò gbé e, bí ó bá sì fẹ́ tọ́ díẹ̀ wò nínú gàrí náà kí ó tó ná an, wọn á ní kí ó bù ú wò. Ṣéńjì tí ìyá náà nà sí i ńkọ́? "Ẹ gbà" ni yóò gbọ́, nítorí pé ó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ata tí ó wà lórí igi rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, jíjá ni a ń já a. Kí Yorùbá tó la ẹnu sọ irú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí, ó ti kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n fẹ́ mú: ṣé ẹyọ kan ni tàbí púpọ̀, ṣé ó wúwo, ṣé ó ṣeé bù, ṣé ọwọ́ ènìyàn ni ó ti ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè gbogbo èyí. Ohun tí "take" sọ kò ju pé nǹkan kan kúrò ní ibi tí ó wà, ó sì bọ́ sí ìkáwọ́ ẹnìkan. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e ni ó máa ń sọ ìyókù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe tẹjú mọ́ "take" rárá, kí wọ́n wo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ohun náà kò bá sì ṣeé fọwọ́ kàn, ọ̀rọ̀ a tún yí padà. Fọ́tò ni? A ya fọ́tò. Ìdánwò ni? A ṣe ìdánwò. Oògùn, a lò ó, àmọ́ bí ó bá jẹ́ àgbo, a mu ún. A wọ ọkọ̀, a gbé ìyàwó, a gba ìmọ̀ràn, Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi "take" sọ gbogbo rẹ̀. Ó tún wá ní àwọn ibì kan tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Ẹni tí ó bá "take a bath", ó wẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá "take a seat", ó jókòó, ẹni tí ó bá "take an oath", ó búra. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá wà ní irú ipò yìí ní èyí tí ó fúyẹ́, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e ni ó ru gbogbo ìtumọ̀. Ẹ̀rí kan ni pé a lè yọ ọ́ kúrò kí a fi òmíràn sí i, kí ìtumọ̀ má sì yí padà: "take a shower" ni àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ, "have a shower" ni ti àwọn ará Bìrìtìkó, omi kan náà ni gbogbo wọn sì ń dà sára.

Nítorí èyí, n kò fi bẹ́ẹ̀ gbà pẹ̀lú àwọn tí ń ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń ka owó. Samuel Johnson, tí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1755, to ìtumọ̀ 134 jọ fún "take" nìkan, ó sì kún ojú ìwé márùn-ún. Mo bọ̀wọ̀ fún ìforítì bàbá náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kà á bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ tuntun tí ó bá dé ni yóò bí ìtumọ̀ tuntun, kíkà náà kò sì ní lópin. Àwa náà ní "jẹ". A ń jẹ iyán, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ ìyà, a ń jẹ èrè, a ń jẹ tẹ́tẹ́. Nígbà tí Ọba Adéyẹyè Ògúnwùsì, Ọ̀jájá Kejì, jẹ Ọọ̀ni ní ọdún 2015, kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí ó rò pé ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àlejò tí ó wá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì wa lè fi ìwé àkọsílẹ̀ odindi kan to àwọn "jẹ" wọ̀nyí, kí ó sì máa rò pé àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Àwa tí a fi mu ọmú mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, ohun tí ń wọlé sára ẹni, yálà ó dùn tàbí ó korò, ni ó ń yí padà.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà tún wù mí sọ, bí kò tilẹ̀ sí nínú ohun tí wọn yóò bi àwọn ọmọ ní ìdánwò. Àlejò ni "take" jẹ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. "Niman" ni àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ láyé ijọ́un, ìbátan "nehmen" tí àwọn ará Jámánì ń lò di òní. Nígbà tí àwọn ará Dẹ́ńmákì àti Nọ́wè ń wá kógun ja ilẹ̀ wọn láti òpin ọ̀rúndún kẹjọ síwájú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá fìdí kalẹ̀ sí apá àríwá àti ìlà-oòrùn níbẹ̀, "taka" wà lẹ́nu wọn, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì lé "niman" kúrò nílé. Ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni "numb", tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ó kú tí kò mọ nǹkan lára mọ́: ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni "èyí tí a ti mú", bí ẹni pé nǹkan kan ti wá gba ìmọ̀lára inú rẹ̀ lọ. Láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò wọ̀nyẹn náà ni "took" àti "taken" ti wá, òun ni kò fi sí "taked", òun náà sì ni mo fi ń fi bírò pupa sábẹ́ "have took" nínú ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwọn àgbà kan máa ń bínú pé Yorùbá yá "tábìlì" àti "bírédì" lò. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ pé èdè tí ó gba ayé kan yìí, ọwọ́ àwọn tí ó wá kó o lẹ́rù ni ó ti gba ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń lò jù.

Ibi tí àwọn ọmọ ti ń kọsẹ̀ jù lọ ni àárín "take" àti "bring". Wọ́n á kọ "bring this book there", wọn kò sì ní mọ ohun tí ó burú níbẹ̀. Mo rò pé mo mọ ibi tí ó ti ń wá. Ní Yorùbá, a ó ní "gbé àga yìí wá", a ó sì ní "gbé àga yìí lọ". "Gbé" kò yí padà ní méjèèjì, ìparí gbólóhùn ni a ti ń mọ ọ̀nà tí àga náà gbà. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ti dì í mọ́ inú ọ̀rọ̀-ìṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kò dúró de ìparí. Ọmọ tí ó bá ń gbọ́ "gbé" lọ́kàn ní ìgbà méjèèjì yóò mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fetí sí ìparí gbólóhùn Yorùbá tiwọn: bí wọ́n bá gbọ́ "wá", "bring" ni, bí wọ́n bá gbọ́ "lọ", "take" ni. Ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún èyí tí ó ta kókó díẹ̀. Bí mo bá ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé èmi yóò gbé ẹrù rẹ̀ dé ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù ti ń lọ lóòótọ́, síbẹ̀ "bring" ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò níbẹ̀, nítorí pé ojú ẹni tí ó ń dúró dè mí ni mo fi wò ó. Yorùbá náà ní, "Màá gbé e wá fún yín."

Ní ti àkókò, kò sí wàhálà. "It takes an hour" kò jìnnà sí "ó gba wákàtí kan", "gbà" sì ni ní ọ̀dọ̀ wa, láìsí àní-àní.

Èyí tí WAEC fẹ́ràn ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tì í lẹ́yìn. "Take off": a bọ́ bàtà, a ṣí fìlà, ọkọ̀ òfuurufú gbéra. "Take after": ọmọ fi ojú tàbí ìwà jọ òbí rẹ̀ tàbí àgbà ìdílé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì lè ṣe é sí àbúrò. "Take over": àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kínní ọdún 1966. "Take in" ni ó dá ẹ̀rín sílẹ̀. Ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n bá "take in", wọ́n gbà á sílé tàbí wọ́n tàn án jẹ. Ní Nàìjíríà, obìnrin tí ó bá ti "take in" ti lóyún, ìyàwó ilé, nọ́ọ̀sì àti pásítọ̀ ni ó sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan bá gbọ́ pé aládùúgbò òun ti "take in", ó lè béèrè irú ayálégbé tí ẹni náà gbà sílé. N kò sọ fún àwọn ọmọ pé àṣìṣe ni, nítorí ọ̀rọ̀ tí odindi orílẹ̀-èdè gbọ́ yé kò ṣeé pè ní àṣìṣe. Ohun tí mo sọ ni pé kí wọ́n má kọ ọ́ síwájú ẹni tí yóò fún wọn ní máàkì.

Ohun tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìdánwò. Ẹ lọ sí gáréèjì Lágéré, ẹ ó gbọ́ "I take knife cut am". Kì í ṣe pé ẹni náà ń sọ bí ó ṣe mú ọ̀bẹ. Ó ń sọ pé ọ̀bẹ ni òun fi gé e. "How you take know?" túmọ̀ sí "Báwo ni o ṣe mọ̀?", kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni mú níbẹ̀. "Fi" Yorùbá ni ó wọ aṣọ "take" yẹn. Irú ìlànà kí ọ̀rọ̀-ìṣe kan máa tẹ̀ lé òmíràn báyìí wà nínú ọ̀pọ̀ èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó wà lẹ́nu àwọn Fọ̀n ní Bẹ̀nẹ̀, ó wà lẹ́nu àwọn Akan ní Gánà. Nígbà tí "take" gúnlẹ̀ sí etíkun wa, a fún un ní iṣẹ́ tí kò ṣe rí ní ìlú rẹ̀.

Ọmọ tí kò bá láǹfààní àtilo Yorùbá rẹ̀ nínú kíláàsì kò lè rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Ní oṣù Kínní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀ mo mọ ilé ìwé tí ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá, ó sì ń dùn mí, nítorí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á mọ "take" lórí, kò sì ní mọ ìdí tí "bring" fi yàtọ̀ sí i.

Iṣẹ́ tí mo fún wọn lọ sílé ni pé kí wọ́n kọ gbólóhùn Yorùbá tí "mú", "gbé", "kó", "bù", "já" àti "gbà" wà nínú wọn, kí wọ́n sì wo ibi tí "take" kò ní gbà láti wọlé. Ọmọkùnrin kan kò dúró dé ilé, ojú ẹsẹ̀ ni ó kọ tirẹ̀: "Mo gba àbúrò mi ní ìmọ̀ràn." Ó fi "I took my brother's advice" tì í. Ó ti yí i po, nítorí pé ẹni tí ó gba ìmọ̀ràn ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ó gba ènìyàn ní ìmọ̀ràn ni ó sọ̀rọ̀, "gbà" kan náà ni ó sì wà ní méjèèjì. Ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.