Ìbéèrè tó lè gba owó ìwádìí ọ̀pá ẹ̀yìn

Tí ẹ bá jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ń tọrọ owó láti fi mú okùn ọpọlọ tó já nínú ọ̀pá ẹ̀yìn hù padà, ẹ ń fi ìwé ṣòfò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba yàrá ìwádìí tí wọ́n ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣókùnkùn fún òru kan, àwọn tó ń ka àbá yín sì mọ bí iná wa ṣe rí. Aláìsàn ló pọ̀ lọ́wọ́ wa: ẹni tó jábọ́ lórí ọ̀kadà, ẹni tó já láti orí igi, ẹni tí ikọ́ ife jẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti wá ìbéèrè.

Ẹ wo egbò ìdùbúlẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan lára láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, wákàtí méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń ní ká yí i, ìgbà 12 lóòjọ́ nìyẹn. Àmì àkọ́kọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́jú ni pé awọ á pọ́n, tí a bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, pípọ́n náà ò ní lọ. Lára awọ dúdú ńkọ́? Kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan egungun ìdí àti gìgísẹ̀, kí ẹ fi wé awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá ó gbóná jù ú lọ, ó le, tàbí ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì méjì yẹ ẹnì kan náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkejì má rí ohun tí èkíní kọ, kí ẹ wá ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Rúlà, tọ́ọ̀ṣì àti ìwé lẹ máa rà.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Àjọ Wings for Life ní Austria ń fún àwọn olùwádìí káàkiri ayé lówó, àmọ́ ìwòsàn okùn ọ̀pá ẹ̀yìn náà gan-an ló ń lé. Craig H. Neilsen Foundation ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbé ayé aláìsàn, ó sì ní fẹ́lóṣíìpù, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń tọ́ olùwádìí tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà àti Kánádà ló ń fún, nítorí náà ẹ wá ọ̀gá tó máa gbà yín síbẹ̀ ná. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, wà fún ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. LAUTECH, yunifásítì ìjọba tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wà nínú rẹ̀; Bowen, yunifásítì aládàáni, kò sí.

Ojú bọ́jẹ́ẹ̀tì ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á kọ owó ọkọ̀ èèyàn kan láti Ìgbẹ́tì tàbí Kìṣí. Onítọ̀hún ò lè gun ọ̀kadà. Ìjókòó ẹ̀yìn takisí ló máa gbà tán, olùtọ́jú rẹ̀ tún wà ńbẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà nínú búùtù. Tí kò bá rówó padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwádìí yín ti jò nìyẹn.

Ẹ tètè gbé ìwé lọ bá ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ilé ìwòsàn yín, àwọn tó ń rí i pé ìwádìí ò pa aláìsàn lára, kí ìwé tí aláìsàn fi ń gbà láti kópa wà ní Yorùbá. Ẹni tó ṣèṣe lọ́rùn lè má lè di bírò mú, ó lè má lè tẹ̀ka pàápàá. Ẹ fi àyè ẹlẹ́rìí sí i.