Láísẹ́ǹsì Ìbàdàn, Máòsì Láíbìrì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò ń ṣe wẹliwẹli láti àárọ̀.

Òdo ni mo gbà lónìí. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógún wakọ̀ láti Challenge dé Ìwó Road láìkọlu ẹnikẹ́ni, kọ̀ǹpútà láíbìrì ló fún mi ní òdo, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú mi.

Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kì í ṣiṣẹ́ ju oṣù 12 lọ fún ẹni tó bá ti fìdí kalẹ̀ sí ìlú Ọba. Tèmi ti kú láti ọdún tó kọjá, bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ kiri Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni tí kò di sítíárìn mú rí. Mo ti fi pọ́n-ùn 34 gba láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló kàn, pọ́n-ùn 23, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi yóò tún un san.

Ọmọ mi obìnrin ló ní, "Dádì, ẹ ṣáà ní káàdì láíbìrì." Mo ní in lóòótọ́, ìwé ọmọdé ni mo fi ń yá fún àbúrò rẹ̀. N kò mọ̀ pé nọ́ńbà ara káàdì náà ló ń ṣílẹ̀kùn Theory Test Pro, ìkànnì tí èèyàn ti ń fi irú ìdánwò náà dánra wò, tí ọ̀pọ̀ láíbìrì ní Bìrìtéènì ń sanwó rẹ̀ kí àwa lè fi gbára dì lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn lè lò ó nílé, àmọ́ ta ló ń rí ìdákẹ́jẹ́ nílé mi? Mo gba láíbìrì lọ. Mo ti gbàgbé nọ́ńbà àṣírí mi. Ìyá tó wà nídìí káńtà gbọ́ bí mo ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ kú òtútù o, sà," ó sì bá mi ṣe òmíràn.

Ìbéèrè 50 ni apá kìíní, ìṣẹ́jú 57, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 43. Mo gba 38. Ráńdàbáòtù ló pa mí: ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ló ni ọ̀nà. Ní Mọ́kọ́lá, ẹni tó bá láyà ló ni ín. Bàbá mi kì í gbàgbé ọjọ́ 2 oṣù Igbe 1972, tí Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ bọ́ sí ọ̀tún. Èmi ni mo wá ń padà síbi tí wọ́n ti kúrò.

Apá kejì ni òdo ti wá. Fídíò 14 ni, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń fi hàn ọ́, kí o tẹ máòsì bí o bá rí ohun tó ń di ewu. Bí o bá tètè rí i, máàkì márùn-ún. Mo rí ọmọdé létí títì, mo tẹ̀ ẹ́. Ajá, mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ tó dúró, mo tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́, màmá àgbàlagbà tó gbé báàgì, mo ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Kọ̀ǹpútà ní títẹ̀ mi ti pọ̀ jù, pé ńṣe ni mò ń méfò.

Mò ń méfò kẹ̀! Ní Ìbàdàn, ọ̀kadà lè dojú kọ ọ́, ewúrẹ́ lè já lu títì, Míkírà lè dúró wìì láìtan iná kankan, kòtò sì lè fara pamọ́ sábẹ́ omi. Ojú tí kò bá ka gbogbo wọn sí ewu kì í dàgbà níbẹ̀. Níhìn-ín, wọ́n ní ọkọ̀ tó dúró kì í ṣe ewu títí ìlẹ̀kùn rẹ̀ yóò fi ṣí. Mo bá ojú kọ̀ǹpútà ṣe àríyànjiyàn débi pé ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ ohun tó fi sétí, ó ń wò mí.

Mo tún un ṣe. Mo di ọwọ́ mi mú. Fáànù kan ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, mo ń dúró kó dá mi lójú, ìgbà tí màá fi tẹ̀ ẹ́, máàkì kan péré. Nígbà tí mo parí, 41 nínú 75. 44 ni wọ́n ń fẹ́.

Mo jókòó sókè bọ́ọ̀sì, níwájú pátápátá, nígbà tí mò ń padà sílé. Ọmọkùnrin kan ń wo fóònù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kúrò létí títì. Àtàǹpàkò mi ti tẹ itan mi kí dírẹ́bà tó tẹ bíréèkì. Mo fún ara mi ní márùn-ún.