Ìbéèrè àbúrò mi
Lálẹ́ àná, àbúrò mi ń yí ife omi po lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n ń pè ní omnisexual?" Mo ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè fà sí ọkùnrin, sí obìnrin, àti sí ẹni tí kò ka ara rẹ̀ mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

"Ṣebí pansexual náà nìyẹn?"

Wọ́n jọra o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pansexual ní àwọn kì í wo ti akọ tàbí abo rárá. Èmi máa ń wò ó. Bí ọkàn mi ṣe ń fà sí obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin (ká má parọ́, ti obìnrin ló ń yá jù).

Àṣé mo ti sọ "èmi" jáde lẹ́nu!

Ó gbé omi náà mu tán. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí yín."