Ẹ Má Fi Ọ̀bẹ Ìdáná Ṣí Aago Góòlù Bàbá Yín

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, á jáde, aṣọ, iyùn, bàtà, gbogbo ẹ̀ á bára mu, àsìkò yìí náà làwọn èèyàn máa ń tú àpótí tí wọ́n á yọ aago góòlù tí bàbá wọn fi sílẹ̀ jáde, wọ́n á wáìndì ẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́, ni wọ́n á bá gbé ọ̀bẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná.

Góòlù rọ̀, ọ̀bẹ le. Ibi tí ọ̀bẹ bá ha lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dán an, góòlù yẹn náà ni wọ́n máa fá kúrò kójú ẹ̀ tó tẹ́jú. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n kàn fi góòlù bò ó lásán ni, irin abẹ́ ẹ̀ ló máa yọjú.

Ojú lẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn wà, ẹ fi kámẹ́rà fóònù fa ẹ̀yìn ẹ̀ wá sítòsí. Tẹ́ ẹ bá rí ojú kéékèèké tí wọ́n gé yípo ẹ̀, sikúrúù nìyẹn, ẹ fi bọ́ọ̀lù rọ́bà tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ yí i sọ́wọ́ òsì bí ìgbà téèyàn ń ṣí ìdérí ìgò. Tí kò bá yí, ó di ọwọ́ aláago.

Tí kò bá sí ojú kankan, ẹ fi èékánná tọ etí ẹ̀ yípo, ibì kan máa wà tó yọ ètè díẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń ṣí. Ẹ yọ bẹ́líìtì ẹ̀ kúrò, ẹ lẹ sẹ́lótéèpù yí ara aago náà ká, ẹ gbé e lé aṣọ tó nípọn, ọ̀bẹ aláago tí ẹnu ẹ̀ ò mú lẹ máa lò, ẹ tì í bọ ètè yẹn díẹ̀ kẹ́ ẹ wá yí ọwọ́ pẹ̀lẹ́, ẹ má tì í síwájú o, tó bá yọ̀, inú ẹ̀ńjìnnì tàbí àtàǹpàkò yín ló ń lọ.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni àwọn aago tí kì í tiẹ̀ ṣí láti ẹ̀yìn rárá! Ẹ̀yìn àti ara wọn, nǹkan kan náà ni, gíláàsì iwájú lèèyàn máa kọ́kọ́ yọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó yíká tẹ́ ẹ ò rí ìlà kankan, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún kiri látẹ̀yìn pọ̀ nílẹ̀ yìí jù.

Tó bá ti ṣí, ẹ pa fáànù, ẹ má fọwọ́ kan inú ẹ̀, òógùn ọwọ́ máa ń jẹ́ kí irin dípẹtà, sípíríǹgì inú ẹ̀ sì tín-ín-rín gan-an. Ẹ ya fọ́tò inú ìdérí yẹn, nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ló ń sọ bí góòlù inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó: 750 ni kárátì 18, 585 ni 14, 375 ni 9. Ẹ tún lè rí lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí aláago àtijọ́ fi nǹkan ṣóńṣó kọ síbẹ̀ nígbà tó tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dán an nù, ìtàn aago yín ni.

Bó bá wá jẹ́ ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù lẹ ti fẹ́ lọ bá aláago, ẹ dúró tì í. Tó bá mú ọ̀bẹ kó tó yẹ ẹ̀yìn aago wò, ẹ gba aago yín padà.